Fojúwọ̀n àti Fóònù Kékeré

Sísọ́ọ̀sì ti wọ inú aṣọ kí aránṣọ náà tó rántí pé òun ò wọn ẹnikẹ́ni. Kò tiẹ̀ dúró. Fojúwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí pé béèyàn bá ti gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wọlé, kó tó kí i tán, ó ti mọ bí àyà onítọ̀hún ṣe fẹ̀ tó àti ibi tí ìbàdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Okùn ìwọ̀n tó ń gbé kọ́rùn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ó wá kù kó wọn ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí? Ó gé aṣọ náà lọ ràì, aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ti fi pa mọ́ sísàlẹ̀ àpótí látọjọ́ pípẹ́. Ó gé ara, ó gé apá, ó gé ọrùn, inú rẹ̀ sì ń dùn bíi pé ìjà ti parí.

Ìjà ò tíì parí o. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ń bọ̀ wá fi mọ́tò gbé ọmọ náà lọ sílé ara rẹ̀, níbi tó jìnnà débi péèyàn ò lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Fojúwọ̀n bí. Bàbá ọmọ náà ti kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Kò sẹ́ni tó lé ọmọ jáde, kò sì sẹ́ni tó tàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló pe àǹtí rẹ̀, tó ní òun fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn títí òun á fi parí ẹ̀kọ́. Nígbà tí Fojúwọ̀n gbọ́, ó pariwo, ó sunkún, ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè ohun tí òun fi ṣe ọmọ tó fi ń sá fún òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ó ní, "Ìwọ àti fóònù ẹ lẹ jọ ń gbélé. Àlejò lọmọ yẹn jẹ́ sí yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kí ojú ó ti èṣù. Fóònù ńlá yẹn ló kọ́kọ́ ń fojú kàn tó bá jí, òun náà ló ń gbé sórí ìrọ̀rí tó bá fẹ́ sùn. Ó ń gbé e lọ sílé ìwẹ̀. Ó ń gbé e ti ara máṣíìnì, tí ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ojú ń wo àwọn tí ò mọ̀ rí tí wọ́n ń bára wọn jà nítorí ọkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀ wọlé. Ó fa ìka yọ, ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ mu, kò gbójú kúrò níbi ìjà. Bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀, á ní, mò ń gbọ́ yín. Irọ́ ni, kò gbọ́ ìdajì. Bí wọ́n bá bá a wí, á ní iṣẹ́ lòun ń fi í ṣe, pé inú ẹ̀ lòun ti ń rí àwọn àrà tuntun tí aráyé ń rán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ó ní ó ń pọ́n.

Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò bá ọmọ sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe fóònù ló gbà lọ. Ó gbé fóònù ńlá náà sílẹ̀ fún un, ó ní kó fún òun ní kékeré, èyí tó ń pe èèyàn, téèyàn ń pè, tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, tí kò mọ nǹkan mìíràn ṣe láyé. Ọkùnrin náà bi í bóyá ìyá àgbà kan ló fẹ́ fún. Ó ní ara òun lòun fẹ́ fún. Nígbà tó máa fi délé, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò yà lójú ọ̀nà láti fi í hàn wọ́n. Gbogbo wọn ń kan sáárá sí i, wọ́n ní ó gbìyànjú, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ le, wọ́n ní àwọn náà á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyìn ọ̀hún dùn mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ rí i bó ṣe ń rìn, ẹ ó rò pé ìbejì ló bí.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ara á máa yún un. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń dá rìn. Á máa fà á sókè lórí tábìlì, lórí aṣọ oníbàárà, lórí itan ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Orí ń fọ́ ọ, inú ń bí i láìnídìí. Nígbà mìíràn á gbé fóònù kékeré náà, á tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, á pa á, á tún tàn án, torí pé kò sóhun mìíràn tí nǹkan ọ̀hún lè ṣe fún un. Síbẹ̀ kò padà sẹ́yìn. Ẹ gbà fún un, ó gbìyànjú.

Bàbá aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀ ló yọjú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó bá a nídìí máṣíìnì. Bàbá náà fẹ́ràn àwàdà. Ó ní òun rí i pé ojú Fojúwọ̀n ti funfun, pé òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lójú. Fojúwọ̀n rẹ́rìn-ín, ó sì fi aṣọ hàn án. Ó ní bọ́mọ òun bá wọ gáùn yìí, tó tún rí irú fóònù tó wà lọ́wọ́ òun, kò níbi tó ń lọ mọ́. Ó ní ìgbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Bàbá aránbàtà yẹ etí aṣọ náà wò, ó bi í bóyá ó ti bá ọmọ náà jókòó sọ ọ́. Fojúwọ̀n ní aṣọ á bá òun sọ ọ́. Bàbá náà fi etí aṣọ sílẹ̀.

Ó ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà o." Ó bá padà sídìí bàtà rẹ̀.

Fojúwọ̀n rán gáùn náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó fi síìpù sí i, ó lọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. Ó ń fi ọkàn wo bí ọmọ náà á ṣe yíra po níwájú dígí, tí á ní Mọ́mì, ẹ ṣeun, tí á tú ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó tiẹ̀ ti mọ ohun tí òun máa fi fèsì.

Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú báàgì ńlá kan. Ó kí i dáadáa, ó gbé báàgì ti ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Fojúwọ̀n gbójú sókè wò ó, ó sì rí i pé gíláàsì wà lójú rẹ̀. Ó ti ń rí i tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé oge làwọn ọmọdé fi ń ṣe. Ìgbà tí kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ló tó rí i bí dígí inú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ó bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọmọ náà ní ó ti pé ọdún kan, pé òun ò rí ojú pátákó ní kíláàsì mọ́, pé àǹtí ló ṣe é fún òun. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Fojúwọ̀n ní ó yẹ ẹ́, ó sì yára na gáùn sí i.

Ọmọ gba gáùn, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Fojúwọ̀n ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń há, bí ọmọ náà ṣe ń mí, bí síìpù ṣe ń gun òkè díẹ̀ tó ń dúró. Nígbà tó jáde, apá rẹ̀ méjèèjì yọ síta bíi ti ẹni tí wọ́n so. Èjìká aṣọ ti fà dé ọrùn. Aṣọ náà fún mọ́ ọn láyà. Ibi tó yẹ kó jẹ́ ìbàdí wà ní egungun ìhà, etí gáùn ò dé orúnkún, ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ tí gáùn yẹn bá mu wà lóòótọ́. Ó ti gbé nínú ilé yẹn rí. Ó máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì, á máa ṣa àkísà aláwọ̀ mèremère, á máa béèrè orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun ni ojú Fojúwọ̀n wọ̀n. Ìgbà tó dàgbà kúrò lábẹ́ tábìlì, ìyá rẹ̀ ò rí i.

Ọmọ náà wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó bi í pé, "Mọ́mì, ta lẹ rán an fún?"

"Ìwọ ni. Àbí ta tún ni?"

Fojúwọ̀n ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa ibí, ó ń fa ọ̀hún, ó ní aṣọ yẹn ló sún kì, ó ní áyọ́ọ̀nù ló gbóná jù, ó ní òun máa tú u. Ó yẹ inú gáùn wò láti ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀, ó sì rí i pé kò sí ohun tó ṣeé tú. Aránṣọ tí kò dá ara rẹ̀ lójú máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán, kó lè rí nǹkan tú tó bá fún. Ó dá Fojúwọ̀n lójú ní tirẹ̀. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Ó fa okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn, ó ní kí ọmọ náà dúró kí òun wọ̀n ọ́n, òun á rán òmíràn, òun á fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mà. Aránṣọ kan wà ládùúgbò àǹtí. Òun ló ń rán tèmi."

Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ aránṣọ, tó ń sùn láàárín òwú àti abẹ́rẹ́, ó ń gbé aṣọ lọ síbòmíràn lọ rán nígbà ìsinmi, ó ń wọ̀ ọ́ bọ̀ wálé, ìyá rẹ̀ ò dá ojú ìrán ẹlòmíràn mọ̀ lára rẹ̀. Ojú ti Fojúwọ̀n débi pé ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú fóònù kékeré náà jáde, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Wò ó. Mo ti jáwọ́. Nítorí tìẹ ni."

Ọmọ náà gbà á tọwọ́tọwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. Ó ní ẹ kú ìgbìyànjú, pé òun ti gbọ́ ládùúgbò. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ bọ́ gáùn, ó jáde pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀ lọ́rùn, ó sì ń ká gáùn náà bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ oníbàárà. Ibi tó ti ń ká a ló ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ rántí ìgbà tí fóònù ńlá yẹn já sínú omi? Ó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe fún odidi ọ̀sẹ̀ kan."

Fojúwọ̀n ní òun rántí.

"Inú mi dùn lọ́sẹ̀ yẹn. Mo máa ń sáré láti ilé ẹ̀kọ́ wálé. Màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, màá máa dúró. Ẹ̀ ń wo ìta. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé, ẹ rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe fóònù ló ń gbà yín lọ́wọ́ mi."

Bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò ló ṣe sọ ọ́. Fojúwọ̀n wá ọ̀sẹ̀ yẹn lọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó rántí pé òjò pọ̀, pé òwú dúdú tán, pé òun bá obìnrin kan jà lórí apá aṣọ tó gùn jù. Ó rántí àwọn tó kọjá níta. Ó wá bẹ́ǹṣì wò nínú ìrántí náà, kò rí ẹnì kankan lórí rẹ̀.

Ìgbà náà ni fèrè mọ́tò dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, wọ́n kíra wọn, ó rí gáùn tó wà lórí tábìlì, ó sì gbójú kúrò kíá. Wọ́n gbé báàgì sẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ náà dì mọ́ ìyá rẹ̀ bó ti yẹ kọ́mọ ṣe, kò yára jù, kò pẹ́ jù. Ó ní òun á máa pè.

Ó tún yíjú padà. "Gáùn yẹn rẹwà, mà. Ẹ fún ọmọ tó bá bá mu."

Mọ́tò yà ní kọ́nà, ó lọ. Fojúwọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹkún. Àwọn aládùúgbò náà ń retí rẹ̀. Obìnrin kan ti ń ṣú ẹnu ṣe pẹ̀lẹ́ lókèèrè, bàbá aránbàtà ti gbé àga síta fún un. Fojúwọ̀n fọwọ́ bojú kó lè ran ẹkún lọ́wọ́. Ẹkún ò wá. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun fẹ́ dá wà, ó wọlé, ó sì fa ilẹ̀kùn.

Inú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Kò sẹ́ni tó jókòó, kò sẹ́ni tó ń dúró dè é, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu rẹ̀ pé yóò sọ nǹkan. Ó jókòó. Èémí kan jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gùn, ó rọra jáde, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì wálẹ̀. Ó mọ èémí yẹn dáadáa. Òun ló máa ń mí nígbà tí oníbàárà tó ti pẹ́ jù bá dìde, tó ní òun ń lọ. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ara ti tù ú, Ọlọ́run sì rí i pé ara tù ú, kò sì sí fóònù kankan níbẹ̀ tó lè di ẹ̀bi rù. Ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n látorí bẹ́ǹṣì, ó sì ti gbé e sínú fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò sọ fún ẹnì kankan, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń kí i lálẹ́.