Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Dúnní

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, mà. Ẹ ṣé, mà."

Ìbíwùmí tún wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó ní kò dun òun yìí ń rìn láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Bàtà họ́kì tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ Dúnní, bàtà líle onírin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín; ó fi ike bo irin abẹ́ rẹ̀ kó má baà ha ilẹ̀.

Ófùnù ti gbóná. Gbogbo ohun tí Ìbíwùmí máa ń kó pamọ́ sínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kó wá sí Märkisches Viertel, àdúgbò wọn ní Jámánì, ló ti dé ìta: ìkòkò ọbẹ̀ lórí àga, páànù àkàrà lábẹ́ tábìlì. Ọkùnrin tó ta bàtà náà ní Hamburg ló ní kí wọ́n tì í bọ ófùnù díẹ̀, kí ọmọ wọ̀ ọ́ ní gbígbóná, kó jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi tutù tí yóò sì gba àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà tó bá ti wọ ófùnù, ilé ìtajà ò ní gbà á padà mọ́.

Ohun tó da Ìbíwùmí lórí rú ni pé ọkùnrin náà ní bàtà họ́kì gbọ́dọ̀ fún, yóò sì ni ọmọ lára fúngbà díẹ̀. Nílé wọn ní Ìkirè, bàtà ọmọdé gbọ́dọ̀ tóbi ni, kí wọ́n ki òwú sí i níwájú, kó bá ọmọ dàgbà. Ìnira wo wá ni ti bàtà tuntun, èwo ni ti bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu? Sátidé ni ìdíje àkọ́kọ́ Dúnní, ní Hamburg náà.

"Dúnní, sọ òótọ́. Mi ò ní nà ọ́."

"Ó dáa, mà. Mọ́mì Hamburg gbìyànjú gan-an."

Mọ́mì Hamburg ni Àṣàkẹ́, ẹ̀gbọ́n Ìbíwùmí tó ń gbé ní Harburg, àdúgbò kan ní Hamburg. Òun ló mú ọmọ lọ ra bàtà lásìkò ìsinmi. Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọmọ yìí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ náà gbẹ̀kọ́. Ó gbẹ̀kọ́ débi pé òótọ́ há sí i lọ́fun.

Bẹ́ẹ̀ bí ó bá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ Jámánì lórí fóònù, kì í sọ "mà". Ó máa ń jiyàn. Ó máa ń ní òun ò fẹ́.

"Ó yá, sọ ọ́ ní Jámánì."

Dúnní wò ó bóyá ó fẹ́ dán òun wò ni. "Echt? Lóòótọ́?"

"Sọ ọ́."

"Der rechte tut weh," ni ọmọ náà wí wéré. "Schon im Laden."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún? Láti inú ilé ìtajà ló ti ń dùn ọ́, o ò sì sọ?"

"Mọ́mì Hamburg ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń ya fọ́tò mi."

"Òsì ńkọ́?"

"Nur eng."

Òsì kàn fún ni. Ìbíwùmí tú okùn bàtà ọ̀tún, ó sì bọ́ ọ. Awọ orí egungun ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ti pọ́n bí ata. Ó pa ófùnù, ó sì dúró láàárín àwọn ìkòkò, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

"Ìbíwùmí!" Ojú Àṣàkẹ́ kún fóònù. "Ṣé bàtà ti jinná? Ẹ bu tèmi sílẹ̀ o! Ó bá a mu, àbí? Èmi ni mo yàn án!"

"Ẹ kú ìnáwó, mà. Ó bá a mu rẹ́..."

Ìgbà náà ni Ìbíwùmí rí i pé òun ti kúnlẹ̀. Dúnní ń wò ó, ẹsẹ̀ ọ̀tún lásán lórí táìlì. Ìbíwùmí gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ló wí lórí ìkúnlẹ̀ náà. "Bàtà yẹn ń pa ọmọ lẹ́sẹ̀. A ò tíì fi í sínú ófùnù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó ní ó bá òun mu lójú mi!"

Dúnní kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀, ó yọjú sínú fóònù.

"Èmi ni, mà. Ọ̀tún nìkan ni," ló wí ní Yorùbá. "Ó ń dùn mí."