Ẹni Tó Bá Mọ Oríkì Ló Lọmọ

Bí ẹ bá ti gbọ́ pé mo lé àgbàlagbà padà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má tíì pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jókòó ná, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Bọ́láwùmí lorúkọ mi. Aṣọ ni mò ń rán ní Jeppestown, ní Johannesburg, ohùn mi sì ròkè. Bí mo bá ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ jà, ará òdìkejì títì á gbọ́. Torí ohùn yìí ni wọ́n ṣe fi mí ṣọ́ yàrá àwọn ọmọdé lọ́dún 2016, nígbà tí àwa Yorùbá Johannesburg kó àwọn ọmọ wa jọ ṣe àjọ̀dún eré orí ìtàgé ní gbọ̀ngàn kan ní Fourways. Fasilat ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì mi, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í lè sọ pé rárá fún eṣinṣin.

Obìnrin Sùlú kan, Sísì Nomsa, ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú. Àgbà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọdé nínú yàrá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọmọ kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni lọ àfi tí onítọ̀hún bá mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí ilé ọmọ náà bá wa yàn. Ó ní ṣé ó yé wa? A ní, "Shap!" pé ó yé wa dáadáa.

Akínfẹ́mi, akáńtáǹtì wa tí kì í jẹ́ kí máíkì sinmi, ló dá a lábàá pé kí a fi oríkì ọmọ ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí náà. "Ta ló máa mọ oríkì ọmọ bí kì í bá ṣe ará ilé ẹ̀? Gbọ́mọgbọ́mọ wo ló gbọ́ Àṣàbí rí ní Johannesburg?" A pàtẹ́wọ́ fún un. Dókítà Olúyẹmí, alága wa, tó ń kọ́ wọn ní yunifásítì, ní ọgbọ́n nìyẹn. Èmi àti Akínfẹ́mi nìkan la gba oríkì àwọn ọmọ lẹ́nu òbí wọn.

Eré náà dùn o. Àwọn ẹranko ló pe ọmọ aráyé lẹ́jọ́. Morádéyọ̀, ọmọ ọdún méje, ló ṣe adìyẹ tí wọ́n kó lẹ́yin jẹ. Ó sunkún ẹyin ẹ̀ débi pé ìyá kan níwájú búra pé òun ò ní fi ẹyin kan ẹnu mọ́. Tolúlọpẹ́, ìyá ọmọ náà, kò sí níjókòó. Nọ́ọ̀sì ni ní Soweto, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti sọ fún mi láàárọ̀ pé, "Àǹtí, èmi fúnra mi ni mo máa wá mú un. Òun nìkan ni mo ní nílẹ̀ yìí, ẹ bá mi ṣọ́ ọ." Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Nígbà tí eré parí, tí àwọn ọmọ tò kí wọ́n lè tẹríba fún èrò, Akínfẹ́mi gba máíkì. Mo ń gbọ́ ọ látẹ̀yìn. "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Àṣàbí ọmọ Kingsley! Àjọkẹ́ ọmọ Adéjùwọ́n dà? Morádéyọ̀ Àbẹ̀ní, ọmọ Tolúlọpẹ́, adìyẹ tó mọ ẹjọ́ rò!" Bó ṣe kì wọ́n tán níkọ̀ọ̀kan nìyẹn o. Gbọ̀ngàn ń hó yèè, èmi gbá orí mú.

Ó wọlé, òógùn bò ó, eyín funfun lẹ́nu. "Àǹtí, ẹ gbọ́ bí mo ṣe kì wọ́n?"

"Mo gbọ́. Gbogbo Fourways gbọ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí lo gbé sórí máíkì, ìwọ ọkùnrin yìí! Ṣé o ṣì ní orí lọ́rùn ṣá?"

Ẹnu ẹ̀ là, kò lè pa á dé. "Eish," ló rí sọ.

Kingsley ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ará Delta tó fẹ́ ọmọ wa. Mo ní, "Oríkì?"

Ó wòkè, ó wolẹ̀. "Asaba."

"Asaba? Ìlú yín nìyẹn!"

"Asibi. Asobo. Àǹtí, abeg, na my pikin!"

Ọmọ ẹ̀ ti fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Bàbá ọmọ kò mọ oríkì ọmọ, gbogbo èrò ìta sì ti mọ̀ ọ́n. Ojú ni mo wá fi ń mọ àwọn òbí láti ìgbà náà, títí ó fi ku Morádéyọ̀ nìkan lọ́wọ́ èmi àti Fasilat.

Ni bàbá kan bá yọ. Agbádá funfun, fìlà abetí ajá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin abiyamọ. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ o." Fasilat ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Dókítà Olúyẹmí tó ń to àga rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀. Akínfẹ́mi rí alága nílẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àbẹ̀ní ni mo wá mú," ni bàbá wí, ó pè é bí ẹni pé òun ló sọ ọ́ lórúkọ. "Ọkọ̀ Tolúlọpẹ́ há níbi iná róbọ́ọ̀tì tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ó ní kí n bá òun gbé ọmọ wálé."

"Ẹ má bínú, sà. Ìyá ẹ̀ sọ fún mi pé òun fúnra òun ló ń bọ̀."

Háà! Ẹni tó bú ìyá gbogbo wọn kò lè gba èébú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fasilat ń fà mí láṣọ: "Àǹtí, ẹ wo àgbà!" Akínfẹ́mi ní bàbá ti dárúkọ oríkì, kí ni mo tún fẹ́?

"Ta ni kò mọ oríkì? Ẹni tó ń gbálẹ̀ níta gan-an ti ń fi kọrin!"

Dókítà ní bí mi ò bá lè bọ̀wọ̀ fún àgbà, kí n gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá sílẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n má bá mi wí, ọmọdé ló ń ṣe mí. Èmi, tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún! Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Mo pe Tolúlọpẹ́, fóònù ẹ̀ kò wọlé. Mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ẹni tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì bi ní nǹkan kan. "Morádéyọ̀, ṣé o mọ bàbá yìí?"

"No, Aunty," ló rọra wí. "But everybody says I must go."

Ẹ gbọ́ o. Kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì ti ń wọ bàtà láti tẹ̀lé e, torí pé gbogbo àgbà ti ní kó máa lọ. Mo fa òun àti Fasilat wọnú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, mo sì pariwo pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ yìí kó wá wó ilẹ̀kùn.

Bàbá ní kò burú, òun á mú fóònù òun wá nínú mọ́tò, kí a lè gbọ́ ohùn ìyá ọmọ. Ó lọ. Dókítà dúró níta, ó ń pariwo mọ́ mi pé mo ti dójú ti ẹgbẹ́. Akínfẹ́mi ń bẹ̀ mí. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ohùn Tolúlọpẹ́ láàárín wọn, pé kí ló dé? Mo ṣílẹ̀kùn kíá.

"Ṣé o bá bàbá tí o rán pàdé lọ́nà?" ni Dókítà bi í.

"Bàbá wo? Mi ò rán ẹnikẹ́ni, sà."

Akínfẹ́mi sáré jáde. Nígbà tó padà, ó mirí. Kò sí mọ́tò, kò sí agbádá.

Dókítà yíjú sí i. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo mọ̀ ọ́n?"

"Èmi kẹ̀? Mo rí i tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, sà. Mo ní àna yín ni."

"Fasilat ló kúnlẹ̀ fún un. Mo ní bàbá ẹ̀ ni."

Gbogbo wa wo Fasilat.

"Agbádá ni mo kúnlẹ̀ fún," ló wí, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, kò jáde. Tolúlọpẹ́ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ọmọ ẹ̀ lórí, lọ́rùn, lápá. Ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bà mí.

Morádéyọ̀ wo ojú gbogbo wa. "Mummy, was I rude to that grandpa?"

Dókítà Olúyẹmí lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, alága wa, tòun ti ọjọ́ orí ẹ̀. "Rárá, ìyá mi," ló wí.