Owó Orí Àga Nílé Ìgbìmọ̀ Tí Kò Ní Àga

Ká tó dẹ́bi fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká ti orí Ìyá Onígbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí kì í fi ìwà òmùgọ̀ tirẹ̀ pamọ́: òun ló bá wọn kó àga ilé ìgbìmọ̀ jáde. Wọn ò fipá mú un o. Káfíńtà tó fẹ́ tún àwọn àga náà ṣe de àwọn ìgbìmọ̀ tuntun ló ṣi ọjọ́ mú. Ọ̀la ló yẹ kó wá, àárọ̀ òní ló gbé ọkọ̀ ẹrù dé. Akọ̀wé ò tíì dé. Dípò kí màmá béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe ni inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bímọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá bó ṣe máa fọ abẹ́ àwọn àga yẹn! Ó bá a gbé gbogbo rẹ̀, ó sì fi ìdí ńlá tí Ọlọ́run fún un ti èyí tó kẹ́yìn wọ ọkọ̀. Káfíńtà ní, "Màmá, agbára ṣì wà o!" Orí rẹ̀ wú. Ó wọlé, ó da odidi korobá omi ọṣẹ méjì sílẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó gbẹ, Akọ̀wé àti àwọn ìgbìmọ̀ méjèèje ti wọlé.

Ìlú ò tún dìbò fún ẹyọ kan nínú wọn. Ọ̀la ni wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ. Ohun tó kù kí wọ́n ṣe ò ju kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì sọ pé ó dàbọ̀. Àmọ́ Alága fa ìwé kan yọ lápò: owó orí tuntun, lórí gbogbo àga tí oníbàárà bá ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù, àti bí wọ́n ṣe máa ná an fọ́dún mẹ́wàá gbáko.

Ọ̀rọ̀ náà kan màmá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń dirun nítòsí ibẹ̀. Àga mẹ́jọ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Olófòófó ló ń jókòó sí márùn-ún nínú rẹ̀, kì í ṣe oníbàárà. Àwọn olófòófó náà ti ta ọmọ yìí lólobó, ó sì ti sọ ọ́ fún màmá láàárọ̀: "Màmá, tí wọ́n bá fi lè fọwọ́ sí i, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa nìyẹn. Èmi àtàwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yàrá yín la forí lé." Yàrá kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo! Màmá fúnra rẹ̀ sì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta.

Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀. Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn àgbà mẹ́ta míì nínú ìgbìmọ̀ náà lòdì sí owó orí yìí. Mẹ́rin nínú méje, ó tán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìwé òfin ilé náà fi ń dìbò: ẹni tó bá gbà, kó dìde, ẹni tó bá kọ̀, kó jókòó.

"Mo dábàá pé ká ṣí fèrèsé," ni ẹnì kan wí. Òórùn ọṣẹ ti pọ̀ jù.

Akọ̀wé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Méje ló wà lórí ìdúró. A gbà."

Màmá ṣí fèrèsé.

"Òtútù ń mú mi. Mo dábàá pé ká tì í," ni ẹlòmíì wí.

"Méje lórí ìdúró. A gbà."

Màmá tì í.

Tíṣà figbe ta. "Akọ̀wé, ṣé orí yín pé? A ò ríbi jókòó sí ni!"

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé ò dárúkọ àga. Ó ní kí èèyàn jókòó ni. Ilẹ̀ rèé."

Tíṣà wo ilẹ̀ tí omi ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀. Ó wo ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Kò jókòó.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí owó orí àga."

"Alága, ẹ má bínú o," màmá ti dá sí i. "Ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ló tún fẹ́ máa pàṣẹ irú ọbẹ̀ tí àwọn tó kù nílé máa jẹ?"

"Ìyá, títí di ọ̀la, èmi ni Alága."

"Mo mọ̀. Agbọ́n tó ń kú lọ náà ṣì ń ta èèyàn."

"Ẹ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí!"

"Bí mi ò bá lẹ́nu, mo níró."

Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti tú ìró nídìí, ó tẹ́ ẹ sórí omi, ó wá ku òun àti yẹ̀rì rẹ̀ tó ti ṣá. Àwọn kan nínú wọn fọwọ́ bojú.

"Ẹ ṣíjú, jàre! Kí ló kù níbẹ̀? Ọmọ mẹ́fà ti gba ibẹ̀ kọjá. Tíṣà, ẹ wá fìdí lélẹ̀!"

Tíṣà jókòó. Àwọn mẹ́ta yòókù tẹ̀ lé e, ìdí mẹ́rin fún pọ̀ sórí ìró kan bí ẹja inú agolo.

"Mẹ́ta dúró, mẹ́rin jókòó," ni Akọ̀wé wí. "Owó orí àga ṣubú."

Màmá jó, yẹ̀rì náà bá a jó. Alága ò tiẹ̀ fajú ro.

"Kò burú. Níwọ̀n ìgbà tí a ò bá tíì parí ìpàdé, màá tún un gbé wá tá a bá jẹun ọ̀sán tán. Ìró yẹn á ti padà sídìí ẹni tó ni ín nígbà yẹn."

"Mo dábàá pé ká parí ìpàdé báyìí!" Tíṣà pariwo látorí ilẹ̀.

"Ẹni tó bá gbà, kó dìde," ni Akọ̀wé wí.

Gbàà! Alága fìdí lélẹ̀ sínú omi ọṣẹ, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ méjèèjì náà ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ olówó gọbọi o, kò dá wọn dúró. Tíṣà fọwọ́ tẹlẹ̀, ó gbé ìdí díẹ̀, ó tún jókòó. Ó tún gbìyànjú. Orúnkún kọ̀ jálẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń di ara wọn mú, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ẹnikẹ́ni ò kúrò lójú kan.

"Méje jókòó..." Akọ̀wé gbé kálàmù sókè.

"Má tíì kọ ọ́!" Màmá sáré dé ẹ̀yìn Tíṣà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kan ti ògiri, ó sì fà á tagbára-tagbára. Ìdí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílẹ̀.

Akọ̀wé dá kálàmù dúró lójú òfuurufú. Ó ṣí ìwé òfin, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ dúró ná," ó ní. "Ẹni tí wọ́n fà dìde, ṣé òun ló dìde?"