Ilé tó Wà Lẹ́yìn Kóòtù

Bí agbowó-orí bá wọ àdúgbò wa, kì í sí ọkùnrin nílé. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é ní Ìlobù kí wọ́n tó bí mi. Obìnrin á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní ọkọ òun ti lọ sí Kùmásì, tàbí kó ní ẹni tí wọ́n ń bèèrè yìí, òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọkọ á sì wà lórí àjà, á máa gbé ikọ́ mì.

Ohun tí Ìyá Hàfúsátù, ẹlẹ́kọ iwájú kóòtù, ṣe nìyẹn nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún láti ọ́fíìsì owó-orí wá bèèrè Adégbénró, ẹ̀gbọ́n mi.

"Adégbénró wo? Kò sí ọkùnrin tó ń sùn nínú ilé yẹn. Ìfọ́n ni mo gbọ́ pé ó ń gbé."

Ó rò pé òun gbà á là ni.

Wọ́dà ni ẹ̀gbọ́n mi ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ Ìlobù àti Ìfọ́n. Ilé oníyàrá méjì tí wọ́n fún un fẹ̀yìn ti àtìmọ́lé tó ń ṣọ́. Òfin owó-orí tuntun sọ pé wọn ò ní ka irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ owó oṣù òṣìṣẹ́ kóòtù, wọn ò sì ní gba owó-orí lórí rẹ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń fẹ́ kó máa sùn níbẹ̀, tó sì ń sùn níbẹ̀ lóòótọ́. Bí kò bá sùn níbẹ̀, ẹ̀bùn lásán ni. Wọ́n á gba owó-orí rẹ̀, títí kan ti ọdún tó ti kọjá, wọ́n á sì gbé ilé fún ẹlòmíì.

Ìfọ́n ni ẹ̀gbọ́n mi ti lọ fún àwọn olùjẹ́jọ́ ní ìwé ìpè lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé, akọ̀wé kóòtù sọ fún un pé Ọlátúnbọ̀sún ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti wá gba kọ́kọ́rọ́, nítorí ohun tí ẹlẹ́kọ sọ. Rhoda, ìyàwó rẹ̀, wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ.

"Níbo la fẹ́ gbé ọmọ tuntun gbà nínú òjò yìí?" ló bi ẹ̀gbọ́n mi. Rhoda yíjú sí mi. "Ọkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ wá lo ọlidé láti Yunifásítì Ìbàdàn, kí ni ìwé wí?"

Ìwé ò wí nǹkan kan. Mo kàn ń ro ọ̀rọ̀ náà bí àlọ́: ta ni kò lè ṣàìmọ ibi tí Adégbénró ń sùn? Ìyàwó rẹ̀ ni Rhoda, àbúrò rẹ̀ ni èmi, wọn ò ní gba ẹ̀rí wa; ẹlẹ́kọ sì ti purọ́. Ẹnì kan ló kù. Nígbà tí mo rántí ẹni náà, inú mi ò dùn.

Sàlàkọ́, àgbẹ̀ ará Ìfọ́n, ló wà ní àtìmọ́lé, owó-orí ló sì gbé e débẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó jẹ́ kí òun yọ́ lọ gbin èbù iṣu òun, òun á padà kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Láti ìgbà náà, Sàlàkọ́ ò kí i mọ́.

Bí Ọlátúnbọ̀sún ṣe dé láàárọ̀, Ìyá Hàfúsátù kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa fún yín lánàá. Ibí yìí ló ń sùn."

"Èwo ni ká wá gbà, Ìyá? Tàná ni àbí tòní?"

"Tòní ni, ọ̀gá. Ẹ̀rù owó-orí ló bà mí."

"Lónìí ńkọ́, ẹ̀rù ti lọ?" Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bi ẹni tó wà nínú àtìmọ́lé."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé mo ta á. "Olúbùnmi! Sàlàkọ́ kẹ̀?"

Àmọ́ Ọlátúnbọ̀sún ti dé ojú fèrèsé onírin. "Ìwọ, ṣé wọ́dà yìí ń sùn níbí?"

Sàlàkọ́ wo ẹ̀gbọ́n mi títí. Ọmọ ń ké nínú ilé. Ìyá Hàfúsátù di gèlè rẹ̀ mú. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ilé bọ́ lọ́wọ́ wa, ẹnu ẹni tó ń bínú sí wa ló sì wà.

"Ó ń sùn níbí," ni Sàlàkọ́ wí. "Ì bá má sùn níbí ì bá dára fún mi."

Ọlátúnbọ̀sún rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ mélòó ni wọ́n fún ọ kí o tó sọ bẹ́ẹ̀? Ajẹgbèsè owó-orí ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí!"

Ojú Sàlàkọ́ yí padà.

"Ọ̀gá, owó-orí ni mo jẹ, n ò jẹ irọ́." Ó di irin àárín fèrèsé mú, ó mì í lẹ́ẹ̀kan, irin sì yọ sí i lọ́wọ́. "Mo ti tú u láti ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀. Alẹ́ kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí bá sùn síbòmíì ni mò ń dúró dè, kí n lọ gbin èbù mi. Àmọ́ bí mo bá ti fọwọ́ kan irin báyìí, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri: 'Sàlàkọ́, kí lò ń wá?' Èbù mi ti ń rà."

Ọlátúnbọ̀sún wo irin, ó wo ihò tó ti yọ. Ó ki ọwọ́ tó nà fún kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

"Ẹ máa sùn níbẹ̀ o, wọ́dà," ló wí. "Ti irin fèrèsé, kò sí nínú òfin owó-orí." Ó lọ.

Alágbẹ̀dẹ wá tún fèrèsé ṣe lọ́sàn-án, ó ní irú irin wo ló ń yọ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kì í purọ́, ní, "Ó ti dógùn-ún ni." Sàlàkọ́ gbójú sókè, ó kí i fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ òjò àkọ́rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi níbi tí mo ti ń ran Rhoda lọ́wọ́.

"Akọ̀wé, ṣé o mọ ebè kọ?"

"Ó ti pẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bi Sàlàkọ́ ní ọ̀nà oko rẹ̀. Èmi ò lè fi ibí sílẹ̀."