Ẹnu Ọ̀nà Tó Ń Kúrú

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi sókè, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì ga sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gba bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Àwọn oníbàárà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Aránbàtà, àbí o ti jọba ni? A ò gbọ́dọ̀ nàró wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í dé inú.

Ilẹ̀ àbàtà ni bàbá wa kọ́lé sí, nítorí ibẹ̀ ni agbára wọn ká. Ṣùgbọ́n wọn ò bá omi jà. Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàrin apá ọ̀tún ilé àti apá òsì. Wọ́n ní omi ti ń gba ibẹ̀ kí àwọn tó dé, àlejò kì í sì í lé onílé. Bí òjò bá rọ̀, omi á ya láti títì, á gba àlàfo náà kọjá sínú odò tó wà lẹ́yìn ilé. Àwa á máa sùn.

Lẹ́yìn tí bàbá kú, apá ọ̀tún kan ẹ̀gbọ́n mi, bíríkìlà ni. Apá òsì kan èmi. Yàrá ẹ̀yìn jẹ́ ti ìyá wa. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ ilé ìkẹ́rù sórí àlàfo náà, kó lè rí ibi kó sìmẹ́ǹtì sí.

"Ẹ̀gbọ́n, omi ńkọ́?" mo bi í.

"Omi á wá ọ̀nà tirẹ̀."

Ó wá a lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ló rí.

Mo ṣì rántí awọ tó kọ́kọ́ bà jẹ́: awọ màlúù dúdú tí mo ti gé sílẹ̀ fún bàtà ọmọ ilé ìwé. Ó mu omi títí ó fi wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Nígbà tó gbẹ, ó le débi pé abẹ́rẹ́ ò wọ̀ ọ́ mọ́. Èyí tó kù bu, ó sì ń rùn. Iṣẹ́ awọ ò ṣeé ṣe níbi tó tutù. Bí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá lọ, n kò ní ibòmíràn.

Mo tún tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Òun ti gbé ilẹ̀ tirẹ̀ sókè.

"Ìwọ náà gbé tìẹ," ló wí. "Ṣé mo dì ọ́ lọ́wọ́ ni?"

Mo da yanrìn, mo da kọnkéré. Omi yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún gbé tirẹ̀ sí i, omi padà sọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gòkè lé ara wa. Ìyàwó mi ní bó bá ṣe ń lọ yìí, a ó máa rákòrò wọlé láìpẹ́.

Lọ́dún yìí, mo gbé e lẹ́ẹ̀kẹta. Òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo bí omi ṣe dé ìdí àtẹ̀gùn mi tó sì yẹra. Inú mi dùn. Mo wo òdìkejì: ẹ̀gbọ́n mi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. A wo ara wa. Ibo wá ni omi ń lọ?

Ohùn ìyá wa la gbọ́ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o!"

A sáré lọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè. Bàtà wọn kan ń léfòó lọ sábẹ́ tábìlì. Kò sí ẹni tó rántí gbé ilẹ̀ yàrá tiwọn nínú àwa méjèèjì.

"Màmá, ẹ má bínú," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Lọ́la ni mo máa da yanrìn síbí."

"Kí o wá ran orí mi mọ́ àjà? Yanrìn tí ẹ dà ti tó. Wó ilé ìkẹ́rù yẹn."

"Màmá, sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró ná."

"Bí òjò bá dáwọ́ dúró, kí la tún fẹ́ wó o fún?"

Èmi ni mo pọn ìyá wa jáde. Ibi tó gbẹ jù nínú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí náà mo kó ẹ̀rọ àti awọ mi sábẹ́ tapólì níta, mo gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì nàró ṣánṣán wọlé. Èèyàn kúkurú ni wọ́n, orí wọn ò kan nǹkan kan. Wọ́n wòkè, wọ́n wò mí.

"Ta ló ní ẹnu ọ̀nà yìí kúrú?"

Ìta ni mo ti ń rán awọ báyìí, lábẹ́ tapólì náà. Àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá kí ìyá wa, ó sì ga. Lánàá, ó tún forí gbá òkè ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa iwájú orí, ó yíjú sí mi.

"Ìgbà wo lo máa tún ẹnu ọ̀nà yìí ṣe gan-an?"

Mo ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìyá wa ló dá a lóhùn láti inú yàrá.

"Ọjọ́ tí ìwọ bá wó ilé ìkẹ́rù rẹ."

Ó ní òun á wò ó tí òjò bá parí lọ́dún yìí. Ojú ọ̀run ti ń ṣú. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó awọ sínú ọ̀rá.