Sólà Orí Òrùlé Ilé Ìgbẹ̀bí

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ìyá agbẹ̀bí ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbàgbé ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tó gba ipò rẹ̀ ránṣẹ́ pè é, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, ó fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì, àfi bí ẹni tó ń kí ojúlùmọ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì ṣófo.

"Ìyá, àwọn aboyún ò wá mọ́," nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n ní sólà tí wọ́n gbé sórí òrùlé wa ń ba oyún jẹ́. Oyún ọmọ Ìyá Aránṣọ tó wálẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí."

Ìyá agbẹ̀bí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Ìyá Aránṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀bí ọmọ náà nínú ilé yìí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ àgbà ló gbé àtùpà dání, èéfín ń ta gbogbo wọn lójú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láyé ọjọ́un náà, nígbà tí wáyà iná kọ́kọ́ dé àdúgbò, àwọn èèyàn ní yóò mú kí omi ọmú obìnrin gbẹ. Ọ̀gá náà ò bú ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ ẹní, ó ní kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ tán kí ó tó lanu. Àárò ọ̀gá rẹ̀ yìí sọ ìyá agbẹ̀bí gan-an.

"Pe gbogbo wọn wá lọ́la," ó ní. "Kí onísólà tó gbé e síbẹ̀ náà wá."

Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ǹṣì kún. Ìyá Aránṣọ ò dúró kí wọ́n kí i tán.

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé nǹkan yẹn síbẹ̀ gan-an loyún ọmọ mi wálẹ̀. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"O ò purọ́, ọ̀rẹ́ mi. Kí ni wọ́n ní ó ń tú jáde?"

"Ooru kan báyìí."

Onísólà gbé sólà kan sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń bọ́ sórí gbogbo òrùlé ló ń gbà, tó ń sọ ọ́ di iná fún gílóòbù àti fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Kò sóhun tó ń jáde lára rẹ̀ tó lè ṣe oyún ní jàǹbá. Àwọn kan fọwọ́ bà á. Àwọn kan káwọ́ mọ́ra.

Nígbà náà ni ọmọ Ìyá Aránṣọ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Màámi, mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbé e wá."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ti rán aṣọ ọmọ mẹ́fà. Ẹnu mi ò gbà á."

Ìyá agbẹ̀bí ò sọ pé ṣé o rí i. Ó lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ rẹ ò jẹ̀bi, ìwọ náà ò jẹ̀bi. Oyún míì máa ń wálẹ̀ láìsí ẹni tó ṣẹ̀. Ìwọ náà rántí tìẹ, ká tó gbọ́ orúkọ sólà rárá."

"Mo rántí," Ìyá Aránṣọ wí. "Orí itan rẹ ni mo ti sunkún."

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Obìnrin kan ní òun ṣì máa wò ó ná, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, aboyún mẹ́rin padà wá. Ọmọ Ìyá Aránṣọ wọlé lọ kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá rẹ̀ bá a di báàgì mú níta, ó ń sọ fún aboyún tó jókòó tì í pé: "Bó o bá rí ẹ̀jẹ̀, tètè sọ o. Má wojú ìyá kankan."