Ẹni Tó Bá Mi Pọn Ẹ̀dọ̀fóró Mi

Àbúrò mi, o rántí pé dókítà ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣe mí ṣọ̀wọ́n, òun ò tíì rí ẹlòmíràn tó ní in. Lójú àlá, mo gbé ẹ̀dọ̀fóró mi dání, mo ń wá ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ kiri ọsibítù, ọsibítù sì di ẹ̀yìnkùlé ìyá wa. Ìyá àgbà kan jókòó síbẹ̀, wọ́n pọn tiwọn sẹ́yìn bí ọmọ.

Wọ́n ní, "Irú kan náà ló ń ṣe wá. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n bá ọ pọ̀n ọ́n, kó má baà já bọ́."

Wọ́n fi ọ̀já gbà á mọ́ mi lẹ́yìn, ó sì sùn.

"Mà, ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń pọn tiyín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èyí? Ó ti ń rìn. Mo kàn ń kẹ́ ẹ ni."

Mo fẹ́ bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé, ni mo bá jí, ọwọ́ mi méjèèjì wà lẹ́yìn mi.